Pátákó Tí Mo Tú Lẹ́nu Ọ̀nà Káńsù

Ẹ má pàtẹ́wọ́ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọwọ́ yín sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó sinmi. Akọ̀wé wa, jókòó, o kà á dáadáa, ohùn ẹ sì dùn, àmọ́ ìlà kan wà nínú ohun tó o kà yẹn tí mi ò lè gbé lọ sílé. O ní látọjọ́ tí mo ti wà nídìí tábìlì ìbéèrè, kò sẹ́ni tó ṣìnà rí nínú ọgbà yìí. Gbogbo yín pàtẹ́wọ́. Màdáámù pàápàá pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, irọ́ ni. Kì í ṣe irọ́ akọ̀wé, tèmi ni, ó kàn bá mi kà á sókè ni. Mò ń fẹ̀yìn tì lónìí, òótọ́ tí mo ti jókòó lé lórí látọdún mélòó kan wá gbọ́dọ̀ jáde. Bí mo bá dìde lórí àga yìí láì sọ ọ́, yóò tẹ̀lé mi délé, yóò jókòó tì mí, yóò sì máa bá mi jẹun nínú àwo kan náà.

Ẹ mọ̀ mí. Atọ́nà lẹ ń pè mí. Ẹni tó bá ti gba ẹnu ọ̀nà ńlá yẹn wọlé, èmi ló máa kọ́kọ́ rí, èmi àti tábìlì mi tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kan kúrú, tí mo ká bébà sí lábẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo ni wọ́n ti ń gbàwé ìbí?" Òkè, apá òsì, ilẹ̀kùn tí wọ́n kọ Ètò Ẹ̀kọ́ sí, àmọ́ ẹ má kà á, Ètò Ẹ̀kọ́ ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́. "Níbo ni mo ti lè rí àkọsílẹ̀ ilẹ̀ bàbá mi?" Ìsàlẹ̀, ẹ kọjá ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ilẹ̀kùn tí kò ní àkọlé rárá. Ẹ̀yin náà mọ ìwà ọgbà wa: ọ́fíìsì ń kó láti yàrá kan bọ́ sí òmíràn, àkọlé kì í bá wọn kó. Orúkọ àná ló wà lára ilẹ̀kùn òní. Aráàlú á wá ìwé tó jẹ́ ẹ̀tọ́ wọn, wọ́n á máa yí po bí adìẹ tó fẹ́ yé tí kò rí ìtẹ́, àfi tí wọ́n bá bi mí. Mo sì gbádùn ẹ̀. Ẹ má jẹ́ n purọ́ gun orí irọ́. Rédíò ló tọ́ mi dàgbà. Nígbà tí àwọn ọmọ yòókù ń gbá bọ́ọ̀lù, etí mi lẹ̀ mọ́ rédíò bàbá mi, mò ń kọ́ bí èèyàn ṣe máa sọ̀rọ̀ dé ibì kan, tó máa dákẹ́, tí ará ilé máa na ọrùn, kó tó wá já èyí tó máa pa wọ́n lẹ́rìn-ín lulẹ̀. Mi ò rọ́nà dé ilé iṣẹ́ rédíò. Gbọ̀ngàn àbáwọlé yìí ni mo sọ di tèmi. Àwọn tó ń dúró lórí bẹ́ǹṣì, àwọn ni olùgbọ́ mi, mi ò sì jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú mọ́ wọn láì rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tó yá ni Màdáámù dé, wọ́n ní òun ni ọ̀gá àgbà wa tuntun. Màdáámù, ẹ má wolẹ̀, ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣẹ̀. Wọn ò tíì gbé yín wá tán tí ẹ fi mú káfíńtà dání, tí ẹ rìn yí ọgbà po, tí ẹ ní kó ṣe pátákó funfun gbàràmù kan, kí wọ́n kọ gbogbo àkọsílẹ̀ tí a ní sí i lára àti yàrá tí kálukú wọn wà, kí ọfà sì máa tọ́ka ọ̀nà. Ìwé ìbí, ọfà. Ìwé ilẹ̀, ọfà. Ìwé itẹ́ òkú, ọfà. Káfíńtà fi síkírù mẹ́rin dè é mọ́ ògiri tó kọjú sí mi gan-an. Ẹ wá dúró níwájú mi, inú yín ń dùn, ẹ ní, "Bàbá Atọ́nà, ẹ lè wá sinmi wàyí." Ẹ ò mọ ohun tí mo gbọ́. Sinmi! Ta ló ń sinmi nínú ayé yìí tí kì í ṣe òkú? Mo rò ó pé lọ́la ẹ ó ní kí wọ́n gbé tábìlì mi, lọ́túnla ẹ ó ní kí n lọ máa ṣọ́ yàrá tí a ń kó ìgbálẹ̀ sí. Ọ̀sẹ̀ yẹn gùn jù mí lọ. Àwọn èèyàn ń wọlé, wọ́n ń wo ògiri, wọ́n ń tẹ̀lé ọfà, wọ́n ń gba iwájú mi kọjá bí ẹni kọjá níwájú àga òfìfo. Mo ní ẹ̀fẹ̀ tuntun kan tí mo gbé ti ilé bọ̀ ní ọjọ́ kan. Mo gbé e padà sílé bó ṣe wà, ó tutù sí mi lẹ́nu.

Sájẹ́ǹtì, má yọ́ jáde o! Ẹ bá mi wo ilẹ̀kùn yẹn. Mo ti pinnu pé mi ò ní dárúkọ ẹ. Ó mà ṣe, mo ti dá a. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé síbi iṣẹ́, ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè wa nìyí, kò ṣe sọ́jà rí láyé ẹ̀, ohùn ẹ̀ nìkan ló ṣe é. Ní àárọ̀ Sátidé kan tí ọgbà dá wáí, mo bá a níbi tó ti ń wọ́n omi sílẹ̀. Mo ní, "Sájẹ́ǹtì, bá mi gbé àkàbà." Ó ní, "Kí lo fẹ́ fi ṣe?" Mo ní, "Pátákó yìí wọ́, mo fẹ́ tún un tò." Ó wo pátákó, ó wò mí, ó ní, "Kò wọ́. Ìwọ lo wọ́." Àmọ́ ó di àkàbà mú. Ọ̀rẹ́ ni wá. Bí mo ṣe ń gùn ún, ó ń sọ lábẹ́ pé, "Ṣé o mọ̀ pé bó o bá já bọ́, mi ò rí ẹ o?" Mẹ́ta nínú síkírù yẹn tú wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìkẹrin yarí, bíi pé ó ń sọ pé òun ò bá mi lọ́wọ́ sí i. Mo fipá tú u. Mo fi aṣọ tábìlì wé pátákó, mo gbé e lọ sílé, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyàwó mi ní, "Kí nìyẹn, bàbá ọmọ mi?" Mo ní, "Ẹrù ìjọba ni." Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́sẹ̀ yẹn, ìyẹn nìkan ló jẹ́ òótọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, gbogbo yín dúró síwájú ògiri, ẹ ń wo ihò mẹ́rin. Màdáámù ní, "Bàbá Atọ́nà, kí ló ṣẹlẹ̀ síbí?" Ibi tó yẹ kí n ti panu mọ́ nìyẹn. Mo ní, "Ha, Màdáámù, iṣẹ́ ọwọ́ káfíńtà yín mà ni. Ó já lulẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀, bóyá itọ́ ló fi lẹ̀ ẹ́. Àwọn tó ń kó ìdọ̀tí ti gbé e lọ." Ilé rẹ́rìn-ín. Wọ́n pe káfíńtà. Ó dé, ó na ọwọ́ sí ihò yẹn, ó ń fọwọ́ kàn án bí ẹni tó ń fọwọ́ kan egbò. Ó ní, "Màdáámù, ẹ̀mí mi ni mo fi de pátákó yẹn." Mo ní, "Á jẹ́ pé ẹ̀mí ẹ ò gùn nìyẹn." Ẹ̀rín tún bú. Iṣẹ́ bẹ́ǹṣì ilé ẹ̀kọ́ tí káńsù ti ṣèlérí fún un, wọ́n gbé e fún ẹlòmíì, wọ́n sì ń pè é ní Onítọ́ káàkiri àdúgbò títí dòní. Ọmọ ẹ̀ pàápàá ń jẹ́ ọmọ Onítọ́. Káfíńtà, mo rí ẹ níbi ìjókòó ẹ̀yìn. Èmi ni mo ní kí wọ́n ránṣẹ́ pè ọ́. Má tíì dìde. Ìbínú ẹ tọ́, àmọ́ bá mi fi pamọ́ díẹ̀ sí i, ó ṣì ku ohun tó máa fi kún un.

Nítorí ibi tó burú ò tíì dé. Bàbá arúgbó kan wọlé lọ́jọ́ kan, atúnagogo-ṣe ni kí ojú ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣe bàìbàì. Ó rìn bí ẹni tó gbé omi tó kún dẹ́nu. Kò wá bá mi. Ọ̀dọ̀ ògiri ló lọ, ó dúró, ó ń wo ihò mẹ́rin. Nígbà tó pẹ́ ló tó yí sí mi. Ó ní, "Ẹ ǹlẹ́ o, ọmọ mi. Pátákó kan wà níbí nígbà tí mo wá gbàwé ìbí ọmọọmọ mi. Ó sọ̀rọ̀ itẹ́ òkú. Ibi tí ọfà ẹ̀ kọjú sí ni mi ò rántí." Mo ní, "Bàbá, pátákó ti lọ sílé, èmi ni pátákó báyìí. Kí lẹ ń wá?" Ó bojú wo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ mi ni mò ń wá." Mo ní, "Ẹ sọ ọ́ sókè, bàbá, etí mi ti ń dàgbà." Ó tún un sọ, sókè díẹ̀. Mo rí àwọn olùgbọ́ mi, wọ́n ti na ọrùn. Mo dákẹ́ díẹ̀, bí mo ṣe kọ́ ọ nídìí rédíò. Mo wá gbé ohùn jáde, "Ìyàwó yín lẹ ń wá wá sí káńsù? Bàbá, ṣé ó sá lọ ni?"

Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ wó ilé. Obìnrin kan ń gbá itan ara ẹ̀. Sájẹ́ǹtì di ògiri mú. Bàbá yẹn ò bínú. Ó dúró kí ẹ̀rín tán, bí èèyàn ṣe ń dúró kí òjò dá. Ó wá ní, "Kò sá lọ. Ó kú. Itẹ́ òkú káńsù la sin ín sí. Wọ́n ti kó òkúta orí ibojì dànù nígbà tí wọ́n tún ògiri ibẹ̀ mọ, koríko ti bo gbogbo ẹ̀, mi ò mọ èyí tó jẹ́ tiẹ̀ mọ́. Ara mi ò le, ọmọ mi. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mọ ibi tí wọ́n máa tẹ́ mi sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀." Ẹ wò ó, ìwé tó ń wá wà lọ́fíìsì wolé-wolé, lẹ́yìn táǹkì omi. Aráàlú kì í mọ̀. Ta ló máa rò pé àwọn tó ń yẹ ilé ìdáná àti gọ́tà wò ló ń tọ́jú orúkọ àwọn tó ti kú? Àmọ́ èmi mọ̀. Bí mo bá yí ọrùn báyìí, mò ń rí ilẹ̀kùn ẹ̀ lójú fèrèsé. Ìka kan ni bàbá yẹn nílò lára mi, ìka kan péré. Mi ò nà án. Ojú tì mí, mo sì sọ ìtìjú di ìbínú, torí ó ti pa ẹ̀rín mọ́ mi lẹ́nu níwájú àwọn èèyàn mi. Mo ní, "Ẹ lọ sókè, ẹ bi wọ́n níbi ìwé ìbí." Mo mọ̀ pé kò sí níbẹ̀. Mo gbọ́ ọ̀pá ẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, kò, kò, kò, mo sì rọra tún bébà abẹ́ tábìlì mi ká.

Ó sọ̀ kalẹ̀ padà, òógùn bò ó. Ó ní, "Wọ́n ní ọ̀dọ̀ àwọn kọ́." Ó wá tún ní, "Ọlọ́run bù kún ẹni tó ṣe pátákó yẹn. Nígbà tó wà, èèyàn ò ní láti máa ro ẹjọ́ òkú ẹ̀ lójú gbogbo ayé." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára bí abẹ́rẹ́ tó ṣẹ́ sínú ẹran ara. Mo yíjú sí fèrèsé kí n lè tọ́ka, kí ni mo rí? Màdáámù! Ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà wolé-wolé, ẹ ń bá wọn sọ̀rọ̀. Mo rò ó lọ́kàn pé bí bàbá yìí bá débẹ̀, yóò yin pátákó lójú yín, ẹ ó tún rántí ẹ̀, ẹ ó ní kí wọ́n ṣe òmíràn. Mo ní, "Bàbá, mo gbàgbé ni. Wọ́n ti kó ìwé yẹn lọ sí ọ́fíìsì àgbà, òdìkejì ìlú. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì." Ẹ mọ ohun tó ṣe? Ó dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi. O ò ní ṣìnà láyé." Ó ṣàdúrà fún mi! Ó tún wá lẹ́yìn ìyẹn. Mo rí i látòkèèrè lẹ́nubodè, mo ránṣẹ́ sí Sájẹ́ǹtì pé kó sọ pé mi ò sí níjòókòó. Sájẹ́ǹtì wá bá mi lẹ́yìn náà, ó ní, "Atọ́nà, bàbá yẹn ní kí n kí ẹ. Èmi ò tún bá ẹ purọ́ fún un mọ́ o." Kò sí ìdí tó fi máa tún purọ́. Bàbá ò wá mọ́.

Ọmọ ẹ̀ obìnrin ló wá. Aránṣọ ni, fọ́nrán òwú ṣì lẹ̀ mọ́ aṣọ ẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ sà. Bàbá mi kú níjẹta, a ò sì mọ ibi tí ìyá wa wà nínú itẹ́. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ gbogbo ọ́fíìsì." Ẹ̀yin èèyàn mi, Ọlọ́run ṣí ilẹ̀kùn àtúnṣe sílẹ̀ fún mi gbayawu. Kí n dìde. Kí n mú un lọ́wọ́. Kí n kọjá táǹkì omi. Àmọ́ mo ti rí ìbéèrè tó máa bi mí lójú ẹ̀ kó tó la ẹnu: "Ṣé ibí yìí ló wà látọjọ́ yìí, tí bàbá mi ń wọ bọ́ọ̀sì káàkiri?" Ẹ̀rù ìbéèrè yẹn ló sọ mí di ìkà. Mo ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Òjò ti ba ìwé yẹn jẹ́. Kò sí mọ́." Ó ní, "Gbogbo ẹ̀?" Mo ní, "Gbogbo ẹ̀." Ó ní, "Ẹ ṣé, sà." Ó lọ. Wọ́n sin bàbá sí itẹ́ tuntun tó wà lẹ́bàá òpópónà, láàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Ìgbà tí wọ́n ti sin ín tán ni ẹsẹ̀ gbé mi dé ọ̀dọ̀ wolé-wolé. Wọ́n ṣí ìwé fún mi, kò tilẹ̀ pẹ́ rárá. Orúkọ ìyá náà wà níbẹ̀, nọ́ńbà ibojì ẹ̀ wà níbẹ̀, òjò kankan ò kàn án. Wọ́n kọ ọ́ sí ìlà tó tẹ̀ lé e pé ọkọ ẹ̀ ti gba ààyè ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ fún ara ẹ̀. Ó fọwọ́ sí i nígbà tí ìwé náà ṣì wà ní yàrá mìíràn, lẹ́tà wínníwínní, lẹ́tà atúnagogo-ṣe. Ilẹ̀ yẹn ṣófo títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ó ń dúró de ẹni tí mo ní kó lọ wọ bọ́ọ̀sì. Mo ti ìwé náà, mo padà sídìí tábìlì mi, mo sì tún dá ẹ̀fẹ̀ kan. Ẹ rẹ́rìn-ín sí i. Mo rántí ẹ̀fẹ̀ náà o, àmọ́ mi ò ní sọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni akọ̀wé fi ohun tó fẹ́ kà hàn mí, pé kí n wò ó bóyá ohun kan ṣẹ́ kù. Mo dé ìlà yẹn, pé kò sẹ́ni tó ṣìnà rí. Ojú mi ṣú. Mo wá ṣọ́ọ̀bù aránṣọ náà lọ. Mo bá a níbi tó ti ń gé etí aṣọ. Mo sọ gbogbo ẹ̀, látorí síkírù dórí òjò. Ó gbé àlùmọ́gàjí ẹ̀ sílẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Nọ́ńbà wo ni?" Mo sọ ọ́, ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sórí tábìlì. Ó wá ní, "Bàbá mi sọ nípa yín nílé. Wọ́n ní ọkùnrin kan wà ní káńsù tó ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín, pé ọmọ dáadáa ni, ó kàn fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀." Ó wò mí. Ó ní, "Ẹ̀rín ọjọ́ yẹn, ṣé ó dùn?" Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ má tíì bẹ̀ mí, sà. Ibi tí ẹ ti fi bàbá mi ṣẹ̀rín, ibẹ̀ ni kí ẹ ti lọ sọ ọ́. Kí káfíńtà yẹn sì gbọ́." Mo ní ṣé yóò wá. Ó ní òun ní aṣọ láti rán. Mo ṣì ń wo ilẹ̀kùn látàárọ̀. Kò wá. Kò sì jẹ mí ní wíwá.

Ó ti jáde. Káfíńtà, mo ba orúkọ ẹ jẹ́, itọ́ kọ́ lo fi lẹ̀ ẹ́, síkírù ẹ le ju ọkàn mi lọ. Dárí jì mí, bó bá ṣeé ṣe fún ẹ. Màdáámù, ohun tó bá tọ́ kí ẹ fi mí ṣe, ẹ fi mí ṣe é, ẹ má wo ewú. Ìwọ ọmọ mi tó ń gba tábìlì yìí lọ́wọ́ mi lọ́la, o lẹ́nu bíi tèmi, mo ti gbọ́ ẹ. Má jẹ́ kó pa ẹ́. Ẹni tó wọlé wá wá ìwé ẹ̀, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ló wá gbà, kò wá gbọ́ rédíò. Kọ́kọ́ na ìka kó o tó la ẹnu. Bí ẹ̀fẹ̀ bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ bá mi tú aṣọ ohun tí mo gbé ti ògiri yẹn látàárọ̀, tí ẹ rò pé ẹ̀bùn ni. Ẹ ò rí i, ó ṣì funfun, àwọn ọfà ẹ̀ ò ṣá. Síkírù mẹ́rin rèé lápò mi. Káfíńtà, bí o bá lè bá mi kàn án, máa bọ̀. Bí o ò bá lè wò mí lójú, máa wo ògiri, àwọn ihò ẹ ṣì wà níbẹ̀. Sájẹ́ǹtì, kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn, lọ gbé àkàbà wá. Ìwọ lo dì í mú nígbà tí mò ń tú u.